Èésún Abẹ́ Àpáta

Ọdún tí ojú mi kọ̀ láti rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́ ni mo padà sí Ìdànrè. Télọ̀ ni mí ní Àkúrẹ́. Ìyàwó mi ti kú nígbà náà, àwọn ọmọ mi sì ti lọ sí Èkó, oníkálukú pẹ̀lú wàhálà tirẹ̀. Mo ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi kan, mo fi èkejì fún ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi gbẹ̀yìn, mo di ẹrù mi, mo wọ takisí. Ìsinmi ni mo rò pé mo ń lọ fún.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló wà nílé bàbá wa. Èmi àti òun nìkan ló kù nínú ọmọ ìyá wa. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sì ń ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn. Aláṣọ funfun ni, ọmọ ìjọ Àdúrà tí kì í jẹ́ kí ìsìn kankan kọjá òun. Èmi ní tèmi, Áńgílíkà ni mí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́ tí mo ti ń sùn nígbà ìwàásù. Ní ti ẹ̀gbọ́n mi, obìnrin tó ga, tó le, tí apá rẹ̀ dà bí ti ọkùnrin ni. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, n kò gbọ́ kí ó sọ pé ó rẹ òun rí. Bí wọ́n bá kí i pé, "Ẹ kú iṣẹ́, Mà," èsì tó máa ń fún wọn ni, "Iṣẹ́ kì í pa ni." Á tún bẹ̀rẹ̀ mọ́ ohun tó ń ṣe.

Àgùntàn ló ń sìn. Láyé àtijọ́, ẹran ń jẹ̀ káàkiri àdúgbò, ó ń sùn sójú títì, ó ń dá ọlọ́kadà dúró. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣe ìpàdé ní àdúgbò, wọ́n ní ẹran ti jẹ ọ̀pọ̀lọpọ̀ kòkó kékeré tí àwọn èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́, ó sì ti jẹ ẹ̀fọ́ ìdí ilé tán. Láti ọjọ́ náà, kí oníkálukú so ẹran tirẹ̀ mọ́lẹ̀ tàbí kí ó kọ́ ilé fún un. Ẹ̀gbọ́n mi kọ́ ilé fún tirẹ̀. Nígbà tí ẹran kò sì lè lọ bá koríko mọ́, koríko ló gbọ́dọ̀ máa wá bá ẹran. Bí èésún ṣe wọ inú ayé wa nìyẹn, koríko gíga tó dà bí ìrèké, tí ewé rẹ̀ ń ya ni lápá bí abẹ.

Ibi méjì ló gbìn ín sí, nínú òjò kan náà, kí n tó dé. Èkíní wà lẹ́yìnkùlé ní ìsàlẹ̀, ibi tí ilẹ̀ dúdú, tó ń rin. Èkejì wà lókè, lábẹ́ àpáta, níbi tí kòkó bàbá wa ti gbó tí ó sì kú. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò jinlẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ ló kún un. Bí èèyàn bá ní kí n mú èyí tí yóò ṣe dáadáa, ǹ bá mú tìsàlẹ̀ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ojúmọ́ kejì tí mo dé ló ti fún mi ní dòjé. Kò béèrè bí mo ṣe sùn.

"Ọmọ ìyá mi, dìde. Ẹran ń ké."

A jọ lọ sí ìsàlẹ̀. Mo ń gé e díẹ̀díẹ̀, mo ń dá ìdí rẹ̀ sí, nítorí pé mo ń bẹ̀rù ewé rẹ̀. Ó wò mí, ó gbá ọwọ́ mi.

"Kí ni o ń gé bí ẹni tó ń gé èékánná yìí? Gé e dé ilẹ̀. Kó mọ́. Ibi tó bá mọ́ ló ń hù dáadáa."

Mo gé e dé ilẹ̀. Lóòótọ́, ó hù. Èmi tí mo ti ń gé aṣọ láti ìgbà èwe, mo mọ̀ pé ohun tí sísọ́ọ̀sì bá ti gé, ó ti gé e ná. Bí o bá ṣi ṣòkòtò oníbàárà gé, ẹ̀bẹ̀ ló kù. Ṣùgbọ́n koríko yìí, bí a bá gé e lónìí, tí òjò bá rọ̀, kí a tó yíjú padà ó ti tún yọrí. Ó yà mí lẹ́nu bí ọmọdé. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé koríko yìí kò mọ̀ pé wọ́n ń gé òun. Ó ní, "Ọlọ́run ló dá a bẹ́ẹ̀." Báyìí ni a ṣe ń gé tìsàlẹ̀, tí a ń gé tòkè, tí a tún ń padà sí tìsàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi a di ẹrù tirẹ̀, á gbé e lé òṣùká, á máa sọ̀ kalẹ̀ láti abẹ́ àpáta bí ẹni tí kò ru nǹkan kan. Èmi a máa tẹ̀ lé e, ẹ̀yìn mi á máa dùn mí. Télọ̀ kì í ní ẹ̀yìn tó dára. Ìjókòó ti jẹ ẹ́ tán kí ọjọ́ ogbó tó dé.

Mo fẹ́ kí ó yé yín pé kò sí ìsinmi nínú iṣẹ́ náà. Ẹran kì í mọ ọjọ́ Ìsinmi, kì í mọ ọdún Kérésì. Ara mi á máa yún mi láti àfẹ̀mọ́jú títí di ìgbà tí mo bá wẹ̀. Bí mo bá sùn, mo ń gé èésún lójú àlá. Mo wá ń rántí ṣọ́ọ̀bù mi ní Àkúrẹ́, bí afẹ́fẹ́ ṣe ń wọlé láti ojú títì, bí rédíò ṣe ń sọ̀rọ̀ sí ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì ń bi ara mi pé ta ni ó sọ fún mi pé ìsinmi wà n'Ídànrè.

Òjò ìkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lẹ́yìn ọ̀dá kékeré inú oṣù kẹjọ, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ṣubú. Inú ilé àgùntàn ló wà, ó ń gbálẹ̀. Mo gbọ́ tí àwọn ẹran sá jọ sí apá kan, mo rò pé ejò ni. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ti wà nílẹ̀, ìgbálẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n ìró lásán ló ń jáde. Aládùúgbò wa tó ń wa takisí ló bá wa gbé e, ó di ọsibítù ní Àkúrẹ́. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ó sì ti mú apá òsì rẹ̀ lọ àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ wá láti Ìbàdàn. Oko ńlá kan tí wọ́n ti ń sin màlúù ló ti ń ṣiṣẹ́, koríko tí àwọn màlúù ń jẹ gan-an ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ó bá wa dúró títí tí ẹ̀gbọ́n mi fi lè jókòó, tí ọ̀rọ̀ sì ti ń ṣe gaara lẹ́nu rẹ̀ padà. Lẹ́yìn náà iṣẹ́ pè é. Ó sunkún nígbà tó ń lọ, ó ní, "Ọ́ńkù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa pè mí." Mo ní kí ó má fòyà.

Bó ṣe ku èmi nìkan nìyẹn, èmi àti aláìsàn àti ọ̀wọ́ àgùntàn.

N óò jí, n óò gbé ẹ̀gbọ́n mi dìde, n óò gbé omi ìwẹ̀ rẹ̀ kaná. Obìnrin kan nínú ìjọ wọn ló máa ń wá wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, ìyókù ọjọ́ sì di tèmi. N óò se ògì, n óò fi ṣíbí fún un. N óò na apá rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní ọsibítù. Kí n tó ṣe èyí tán, àwọn ẹran á ti máa ké bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa. Mo gbìyànjú láti lọ sí òkè lẹ́ẹ̀kan. Mo dé ìdajì ọ̀nà, mo bá òkúta kan, mo jókòó lé e, n kò sì lè dìde lọ síwájú. Mo sọ̀ kalẹ̀. Láti ọjọ́ náà, n kò gé tòkè mọ́. Tìsàlẹ̀ nìkan ni mo ń gé, nítorí pé ó wà nítòsí, tí mo sì lè gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi láti ibẹ̀ bí ó bá pè mí. Bó bá ti yọrí díẹ̀ báyìí, mo ti gé e. Bí kò bá tíì tó kókósẹ̀, mo ti gé e. Kò sí ohun mìíràn tí mo lè ṣe.

Ẹ̀gbọ́n mi dùbúlẹ̀ nínú pálọ̀, ṣùgbọ́n oko rẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ wà.

"Ṣé o ti gé tòkè?"

"Rárá, Ẹ̀gbọ́n mi."

Lọ́jọ́ kejì, á tún bi mí. Nígbà tó yá, inú bí i. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì já geere nígbà náà, ṣùgbọ́n eléyìí já geere.

"Ọ̀lẹ ni ọ́. Ìjókòó ìdí ẹ̀rọ ló bà ọ́ jẹ́. Ìwọ yóò jẹ́ kí oko mi di igbó."

Mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé, mo yí korobá kan dojú dé, mo jókòó lé e. N kò bínú. Ìbínú ń fẹ́ okun, n kò sì ní in. Òórùn kòkó tí wọ́n ń sá ń bọ̀ láti ojú títì, òórùn kíkan yẹn tí ó máa ń bo gbogbo ìlú lásìkò rẹ̀, mo sì jókòó níbẹ̀ títí ó fi tún pè mí.

Òótọ́ ló sọ, oko òkè ti di igbó. Obìnrin ìjọ wọn tó ń wẹ̀ ẹ́ gun ibẹ̀ lọ wò ó, ó padà wá sọ pé èésún ti ga ju èèyàn lọ, ó ti ń yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ lórí. Ẹ̀gbọ́n mi ronú sí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí wọ́n wá gbàdúrà fún un ní ọjọ́ Ẹtì, ó ní kí wọ́n gbé ìyókù omi àdúrà lọ wọ́n sí oko òkè, kí Ọlọ́run bá òun ṣọ́ ohun tí àbúrò òun kọ̀ láti ṣọ́. Wọ́n gbé e lọ. Mo wo ìyá arúgbó méjì nínú sùtánà funfun bí wọ́n ṣe ń gun òkè pẹ̀lú ìgò, mo sì ń rò ó pé bí wọ́n bá mú dòjé dání ni, àdúrà náà ì bá tètè gbà.

Òjò dá. Ọyẹ́ dé. Ètè èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í là, eruku sì bo àpáta títí tí a kò fi rí orí rẹ̀ mọ́ láàárọ̀. Ìgbà náà ni mo rí i pé nǹkan ti bàjẹ́ ní ìsàlẹ̀. Mo gé e, kò hù. Mo dúró, mo ní bóyá ó ń pẹ́ ni. Ó yọ ewé tín-ín-rín bíi mélòó kan, wọ́n pọ́n, wọ́n wó. Ilẹ̀ dúdú tí mo gbójú lé, ó là bí ìkòkò tó sán. Lọ́jọ́ kan mo fà á, mo kàn fẹ́ fa ewé gbígbẹ kúrò lára rẹ̀, gbogbo ìdí rẹ̀ sì tẹ̀ lé ọwọ́ mi wá. Mo fà òmíràn, òun náà wá. Kò bá mi jà rárá. Mo dúró tì í, mo mú un lọ́wọ́, n kò mọ ohun tí ǹ bá fi ṣe.

Àwọn ẹran kò gbọ́ àlàyé. Mo ń lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí lọ tọrọ èèpo ẹ̀gẹ́, mo ń sá a kí ó gbẹ kí n tó fún wọn. Mo ń já ewé agúnmániyè lára ọgbà àwọn aládùúgbò. Kò tó. Egungun ìhà wọn ń yọ. Abo kan tó lóyún sọ ọmọ nù, ó sì dúró ti ohun tó bí náà ní gbogbo àárọ̀, ó ń lá a. N kò sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó gbọ́ náà ni, nítorí pé ó mọ igbe ẹran rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí kò sí ibòmíràn mọ́ ni mo gun òkè. Mo sinmi lọ́nà, mo tún sinmi. Èésún náà ti gbó. Ewé òkè rẹ̀ ti gbẹ, ó ń dún bí ìwé nínú afẹ́fẹ́ ọyẹ́. Dòjé kò ran igi rẹ̀, àdá ni mo fi gé e, n kò sì lè gé e dé ilẹ̀, nítorí pé ìdí rẹ̀ le, apá mi kò sì ká a. Ibi tí ọwọ́ mi dé láìbẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí orúnkún, ni mo gé e mọ. Mo di ìwọ̀n tí mo lè rù. Àwọn ẹran jẹ ewé rẹ̀, wọ́n fi igi rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "O wá gbé igi ìdáná fún wọn." Mo rẹ́rìn-ín, nítorí pé òótọ́ ni.

Mo padà lọ sí òkè lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ láti lọ gé ìyókù. Òjò kò rọ̀ rárá láàárín ìgbà náà, ìrì pàápàá kò sẹ̀. Mo bá ìdí àwọn tí mo gé, wọ́n ti rúwé. Ewé tútù yọ̀yọ̀, láàárín ọyẹ́, lórí ilẹ̀ olókùúta! Mo fi ọwọ́ kàn án. Mo bojú wo ẹ̀yìn mi bí ẹni tó jí nǹkan, n kò mọ ẹni tí mo ń wò. Lẹ́yìn náà mo jókòó sí àárín rẹ̀, mo sì jẹ́ kí ó pẹ́ kí n tó dìde.

Nígbà tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, ojú rẹ̀ tàn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti ṣubú.

"Omi àdúrà ni! Ṣé o rí i? Ṣé o rí i?"

"Mo rí i, Ẹ̀gbọ́n mi."

Àmọ́ mo pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, tòkè àti tìsàlẹ̀. Mo tẹ fóònù náà kí ohùn rẹ̀ jáde síta, kí ìyá rẹ̀ lè máa gbọ́. Ọmọ náà ní, "Ọ́ńkù, ìgbà wo lẹ gé tòkè kẹ́yìn kí òjò tó dá?"

"N kò gé e mọ́ láti ìgbà tí ìyá rẹ ti ṣubú. Ó ti rẹ̀ mí."

"Ẹ̀yin lẹ gbà á là nígbà náà."

Ó wá ṣàlàyé fún wa. Ó ní ewé ni koríko fi ń se oúnjẹ. Bí a bá gé ewé rẹ̀ tán, kò ní ohun tó máa fi bọ́ gbòǹgbò mọ́. Ohun tó ti kó pamọ́ ní ìdí rẹ̀ ló máa kó jáde láti fi hu ewé tuntun, gbòǹgbò á sì dúró lójú kan, tàbí kí ó máa kú láti ṣóńṣó rẹ̀. Bí a bá jẹ́ kí ewé náà dàgbà, á san gbèsè náà padà. Bí a kò bá jẹ́ kí ó dàgbà kí a tó tún gé e, ebi ni a fi ń pa á. Ó ní nínú òjò èèyàn kì í fura, nítorí pé omi wà lókè ilẹ̀, gbòǹgbò kúkúrú náà ń rí nǹkan mu. Ìgbà tí òjò bá ń parí lọ ló ṣòro jù. Ìgbà yẹn gan-an ni koríko ń kó ẹrù rẹ̀ sísàlẹ̀ de ẹ̀ẹ̀rùn. "Ìgbà yẹn lẹ ń gé tìsàlẹ̀ lójoojúmọ́," ló wí. "Kì í ṣe ẹ̀bi yín. Kí lẹ fẹ́ ṣe?"

Ó tún ní, "Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe gé tòkè bí ẹ ṣe gé tìsàlẹ̀. Ohun tó kó jọ ló ń jẹ báyìí. Ẹran yín ti pọ̀ ju ilẹ̀ yín lọ, Màmi."

"Ẹran mi kò pọ̀," ẹ̀gbọ́n mi dáhùn láti orí àga rẹ̀. "Àdúrà ló hu koríko."

"Ẹ kú àdúrà, Màmi," ni ọmọ rẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀.

Ìdí tí mo fi lè sọ bí gbòǹgbò náà ṣe rí lónìí ni pé ọmọ yìí kan náà ní dandan ni kí ilé ìgbẹ́ wà nínú ilé fún ìyá òun, kí ó má bàa máa rìn jáde pẹ̀lú ẹsẹ̀ yẹn. Ọkùnrin kan wá gbẹ́ kòtò rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ní etí oko ìsàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń fi ọ̀pá rìn nígbà náà. Ó ní kí n gbé àga òun jáde, ó fẹ́ máa wo iṣẹ́, kí ọkùnrin náà má bàa gbẹ́ ẹ wọ́. Bí ọkùnrin náà ṣe ń gbẹ́ ẹ lọ ni ẹ̀gbẹ́ kòtò fi ìdí èésún hàn wá. Gbòǹgbò díẹ̀ ló wà níbẹ̀, wọ́n pọ́n bí okùn tó ti rà, kò sì sí èyí tó jìn ju àtẹ́lẹwọ́ mi àti ọrùn ọwọ́ mi lọ. Nísàlẹ̀ wọn, ilẹ̀ lásán.

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ kàn án.

"Lọ bá mi gbẹ́ tòkè kí n rí i," ló sọ fún ọkùnrin náà.

"Mà, wọn ò sọ pé kòtò méjì ni."

"Mo ní lọ bá mi gbẹ́ ẹ."

N kò rò pé ó lè gun òkè náà. Mo sọ fún un. Ó dìde, ó na ọwọ́ ọ̀tún sí mi, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun ún. Ìrìn tí a máa ń rìn kí oòrùn tó mú, ó gbà wá ní gbogbo àárọ̀. Ibi tí ó bá ti ní kí a dúró, èmi náà ti ń wá ọ̀nà láti dúró. Òòógùn bò wá. Bí ọkùnrin náà ti ń lọ níwájú, ó ń wo ẹ̀yìn, ó ń mi orí. Nígbà tí a débẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí òkúta, ó ní kí ó gbẹ́ ẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí kan tó ti rúwé dáadáa.

Ó gbẹ́ ẹ. Ilẹ̀ náà le, òkúta wẹ́wẹ́ ń fò sókè. Gbòǹgbò wà ní òkè ilẹ̀, ó pọ̀ bí irun orí. Ó gbẹ́ dé orúnkún ara rẹ̀, gbòǹgbò ṣì wà. Ó gbẹ́ dé ìbàdí, ó ṣì rí i, funfun, tín-ín-rín bí òwú, ó ń gba àárín òkúta lọ. Ibi tí ó ti kan àpáta tó ti rà, tí dígà rẹ̀ ti ń dún kó, ó rí wọn tí wọ́n ti wọ inú sísán àpáta náà. Ilẹ̀ tútù wà níbẹ̀. Ó bu díẹ̀, ó gbé e sókè fún ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi fi ìka rẹ̀ pa á, ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Àdúrà ló sọ̀ kalẹ̀ tó báyìí," ló wí.

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Òun náà sì rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹnu rẹ̀ tó wọ́. Lẹ́yìn náà ó ní kí ọkùnrin náà bo gbòǹgbò padà kí oòrùn má bàa pa á, kí ó sì padà sí ìdí iṣẹ́ rẹ̀.

Ó ku èmi àti òun. A jókòó. Nísàlẹ̀, a ń wo páànù ilé Ìdànrè tó ti pọ́n, a ń gbọ́ ọ̀kadà.

"Ọmọ ìyá mi."

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Nígbà tí mo ń pè ọ́ ní ọ̀lẹ, ṣé ó rẹ̀ ọ́ ni?"

"Ó rẹ̀ mí, Ẹ̀gbọ́n mi. Ó rẹ̀ mí gan-an."

Ó ń wo ọwọ́ òsì rẹ̀ tó wà lórí itan rẹ̀ bí ohun tí ẹlòmíràn gbàgbé síbẹ̀.

"Ó rẹ èmi náà," ló wí. "Ó ti pẹ́ tó ti rẹ̀ mí. Kí n tó ṣubú ni."

Mo wò ó. Mo ti bá a gbé láti kékeré, ó ti gbé mi pọ̀n, ó ti nà mí, ó ti sin ọkọ, n kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu rẹ̀ rí. Mo kàn sún mọ́ ọn, mo sì gbé ọwọ́ òsì náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í na ìka rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Ó jẹ́ kí n na án.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ló ránṣẹ́ sí ẹnì kan l'Ówena tó ń ra ẹran. Ó ta àwọn àgbò àti púpọ̀ nínú àwọn abo, ó dá ìwọ̀nba sí, àwọn tí ilẹ̀ wa lè bọ́. Ọjọ́ tí wọ́n kó wọn lọ, kò jáde wò wọ́n. Ó ní kí n pa fèrèsé dé.

Tòkè, a gé e lẹ́ẹ̀kan sí i kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ní òkè orúnkún, a sì fi í sílẹ̀. Bí òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀, mo gé igi rẹ̀ ní kúkúrúkúkúrú, mo fi gbin tìsàlẹ̀ tó ti kú. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló hù. Ibì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò náà tí kò gba nǹkan kan títí di òní, èpò lásán ló wà níbẹ̀. A ń gé apá kan, a ń fi apá kan sílẹ̀ kí ó dàgbà. Bí òjò ìkejì bá ti ń lọ sópin, a ń ká ọwọ́ kúrò nínú rẹ̀, a sì ń fi èèpo ẹ̀gẹ́ àti ewé agúnmániyè dí àlàfo. Ẹ̀yìn mi kò san. Apá rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè fi di ife mú báyìí, bí ohun tó wà nínú rẹ̀ kò bá kún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òjò ti rọ̀ mọ́jú, gbogbo nǹkan tutù. Mo ti mú dòjé, mo ti wọ bàtà rọ́bà mi. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń mu ògì.

"Níbo lò ń lọ?"

"Oko ni."

"Kò tíì gbó tó. Jókòó."

"Àwọn ẹran ńkọ́?"

"Èèpo àná ṣì kù. Jókòó, ọmọ ìyá mi."

Mo bọ́ bàtà náà. Mo jókòó tì í. Obìnrin kan kọjá pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ lórí, ó ń lọ sí oko kòkó wọn ní Aládé, ó kí wa pé, "Ẹ kú ìsinmi o." Ẹ̀gbọ́n mi gbé ife rẹ̀ sílẹ̀, ó sì dá a lóhùn pé, "A dúpẹ́. À ń sinmi."